Nọ́ọ̀sì àti Ọmú Ọjọ́ Márùn-ún

Fọ́ọ̀mù ni mò ń kọ lọ́wọ́. Ọ̀sán ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè mi ti là. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìṣẹ́yìn, mo gbé pákó pẹlẹbẹ kan lé orúnkún, mo sì tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí rẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ká òwú. Fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni. Mo ti kọ orúkọ mi, ọjọ́ orí mi àti èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá síbẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ló kù tó ṣófo. Wọ́n ní kí n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdí tí mo fi fẹ́ di nọ́ọ̀sì.

N kì í fẹ́ lo ọ̀rọ̀ tí n kò bá tíì yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà láti kékeré. Ó ti tó ọdún méjì nígbà náà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìgbẹ̀bí, mò ń nu ilẹ̀, mò ń se àlùmọ́gàjí nínú omi gbígbóná, mò ń bá àwọn nọ́ọ̀sì gbé ọmọ tuntun dání. Lójoojúmọ́ ni mò ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé bírò lé ìwé, mo rí i pé n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo bá wọlé, mo gbé ìwé atúmọ̀-èdè jáde.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ló ra ìwé náà fún mi. Akọ̀wé ni ní káńsù ní Òtu, ọmọ Ìlúà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gba páúdà àti aago ọwọ́ lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà, ìwé atúmọ̀-èdè tó nípọn ju bíríkì lọ ni tèmi gbé wá láti Ìbàdàn. Ìyá mi wò ó lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ṣé ìwé lẹ ó máa sè jẹ?" Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé àlejò náà kì í jẹun nílé wa. Bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn: ọkùnrin tó ń tọrọ ìyàwó kì í jẹ, kì í mu nílé àna rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Orí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, bí oòrùn tilẹ̀ ń pa á, yóò ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Jímọ́ mẹ́ta péré ló kù tí wọn yóò so yìgì wa.

Mo ṣí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé yóò gba ìlà méjì gba ìdajì ojú ewé.

"Kí ló wí?" ìyá mi bi mí. Kò kàwé rárá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí n máa ka nǹkan sí i létí.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ."

Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ni ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. "Ìyẹn la mọ̀," ni ìyá mi wí. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ kí ó máa bá ọlọ́mọ tọ́jú ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni oyin tó ń fún àwọn ọmọ oyin lóúnjẹ nínú afárá. Nọ́ọ̀sì ni igi ńlá tí wọ́n fi ń ṣíji bo igi kékeré kí oòrùn má baà pa á. Èèyàn lè nọ́ọ̀sì iná kí ó má baà kú. Ó lè nọ́ọ̀sì ife tíì, kí ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ó tún lè nọ́ọ̀sì ìbínú sínú.

"Ìbínú kẹ̀?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyáálé mi nìyẹn. Ó ti nọ́ọ̀sì tirẹ̀ dàgbà, ó kù kó gbéyàwó fún un."

Mo ní ẹja kan tún wà lókun, ẹja ńlá eléyín mímú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Ṣé òun náà ń tọ́jú aláìsàn ni?"

"Rárá o. Ìwé ní kò bá àwọn yòókù tan. Ibòmíràn ni orúkọ tirẹ̀ ti wá, ó kàn fara jọ wọ́n ni."

"Ó pọ̀ láyé bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi wí, ó ń ká òwú rẹ̀ lọ.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ orísun ọ̀rọ̀ náà sí, ní lẹ́tà wínníwínní. Mo gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Láti inú èdè Látíìnì ló ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kí a bọ́ èèyàn yó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹni tó wọ aṣọ funfun tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Obìnrin tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú ni.

Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí òwú. "Wọ́n ní kí ni?"

"Obìnrin tó fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́mú. Òun ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́."

"Ẹ gbà mí! Èmi náà ti ṣe nọ́ọ̀sì rí nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fún mi ní fìlà!" Ó pàtẹ́wọ́. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìdílé wa ni."

Inú mi dùn. Mo rò pé ohun tí n ó fi kún ojú ewé náà ti dé. Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ fún mi dáadáa, Ìyá, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí." Mo mú ìwé mìíràn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń wí sílẹ̀.

Ó ní ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì wà lẹ́yìn òun ni, kò tíì rìn. Òun gbé aṣọ òfì lọ tà lọ́jà Ìlúà. Àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan ni òun rò ó sí, ṣùgbọ́n òjò ńlá rọ̀, omi gbé afárá lọ, lọ́ọ̀rì kò lè padà. Wọ́n fún òun ní ààyè láti sùn nínú ilé kan lábẹ́ igi oṣè, nítòsí ibi tí lọ́ọ̀rì ń dúró sí. Ìyàwó ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, ibà sì ti gbé ìyá rẹ̀ dè débi pé kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ra wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ó fún ọmọ náà, ọmọ náà pọ̀ ọ́ jáde.

"Ó ń sunkún, ohùn kò jáde mọ́," ni ìyá mi wí. "Mo ní, 'Ìyá, ẹ gbé e wá.' Ẹ̀gbọ́n rẹ ń mu ti ọ̀tún, àlejò ń mu ti òsì. Ọjọ́ márùn-ún gbáko! Mo jẹ ẹ̀bà ilé yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìkòkò mọ́ ọn."

"Kí ni orúkọ ọmọ náà?"

"Ta ló mọ̀? Lọ́jọ́ tí wọ́n tún afárá ṣe, ọ̀la ni ìkómọ. Ìyá yẹn bẹ̀ mí kí n dúró. Mo ní bàbá yín kò mọ̀ bóyá mo wà láàyè."

"Àwọn ará ilé náà ńkọ́? Kí ni wọ́n ń jẹ́?"

"Ìyàwó ni mò ń pe ìyá ọmọ, Ìyá ni mò ń pe ìyá ọkọ rẹ̀. Àwọn náà ń pè mí ní Aláṣọ. Ta ní ń bi àgbàlagbà léèrè orúkọ? Bí mo ṣe délé ni bàbá yín ní n kò gbọdọ̀ ná ọjà Ìlúà mọ́." Ó mú òwú rẹ̀. "Ìyá ọmọ náà yè é, mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Etí ọmọ yẹn ni mo máa ń rántí. Ihò kékeré kan wà níwájú etí rẹ̀ ọ̀tún, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Bó bá ti ń mu ọmú, ìka mi á máa lọ síbẹ̀."

Mo ń kọ ọ́. Mo kọ "ihò kékeré". Mo kọ "etí ọ̀tún". Bírò náà kò lọ mọ́.

Mo mọ ihò náà. Ọjọ́ kìíní tí mo jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin tó ra ìwé fún mi, nínú lọ́ọ̀rì tó ń bọ̀ láti Òtu, ni mo ti rí i. Mo bi í pé, "Ta ló gún yín létí?" Ó ní, "Ọlọ́run ni." Ó tún ti sọ fún mi rí pé ìyá bàbá òun ní Ìlúà, tó tọ́ òun dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá òun, kì í pe òun ní orúkọ mìíràn ju Ọmọ Aláṣọ lọ. Mo rò pé nítorí pé ó fẹ́ràn aṣọ lílọ̀ ni. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ó tún ti sọ fún mi pé igi oṣè kan tí mànàmáná là ní apá kan ló ṣíji bo ilé wọn.

Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ kan ń họ ara mọ́ ògiri lẹ́yìnkùlé wa, mo sì ń rò ó pé kí ewúrẹ́ náà dákẹ́.

"Ìyá," mo ní, "ẹ tún sọ ọ́. Etí wo?"

"Ọ̀tún. Kí ló ṣe ọ́?"

"Igi oṣè tí ẹ wí yìí, ṣé èyí tí mànàmáná là ní apá kan ni?"

"Òun ni. Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

Mo kàn gbé ọwọ́ sí iwájú etí mi, mo sì fi ìka kejì tọ́ka sí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àga tí ọkùnrin náà máa ń jókòó sí. Ìyá mi wo ìka mi. Ó wo àga náà. Òwú tó ń ká yí kúrò lórí itan rẹ̀, ó yí dé inú eruku, kò sí ẹni tó mú un nínú àwa méjèèjì.

Ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ní ìlú wa mọ ohun tó dé bá mi. Ọmọ tó bá mu ọmú obìnrin kan kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì ti di ọmọ obìnrin náà. Gbogbo ọmọ tí obìnrin náà bí, ìbáà jẹ́ ṣáájú, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn, ti di ọmọ ìyá rẹ̀. Wọn kò lè fẹ́ ara wọn títí ayé. Ìdílé wa sì ti ṣe ìwádìí kí wọ́n tó gba ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ilé ọkùnrin náà. Àbúrò bàbá mi lọ sí Òtu, ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ń ya wèrè nínú ìdílé wọn, bóyá wọ́n ń dẹ́tẹ̀, bóyá wọ́n ti jalè rí. A wádìí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ọmú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn náà, n kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà nínú mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ má sọ ọ́."

Ó wò mí.

"Ìwọ àti èmi nìkan la mọ̀ ọ́n," mo ń wí lọ, mo ti gbàgbé láti fi 'ẹ̀yin' pè é. "Ìyá rẹ̀ ti kú. Ìyá àgbà yẹn kò ríran dáadáa mọ́, kò lè rìn dé ibí. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ ọ́."

Ìyá mi kò bínú. Ó nawọ́ gba ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó gbé e dání ní òdì, nítorí kò mọ̀ ọ́n kà. Ó ní, "O ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a lọ bá ààfáà àdúgbò wa. Ó ń ka tẹ̀súbà rẹ̀ nígbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Kí ó tó sọ ọ́ dé ìdajì, ìlẹ̀kẹ̀ ti dúró lọ́wọ́ ààfáà. Ó béèrè ọjọ́ orí ọmọ náà nígbà yẹn. Ó béèrè bóyá ọmú wọlé sí i nínú tàbí ó kàn fi ẹnu kàn án. Ó béèrè iye ìgbà.

"Ọjọ́ márùn-ún, Ààfáà."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó." Ó pa ojú dé. "Lóòótọ́, mo ti so yìgì fún ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn. N kò béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Àṣìṣe tèmi nìyẹn." Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ lọ sí Ìlúà kí ó lè dá yín lójú. Bó bá jẹ́ òun, kò sí sàráà tó lè mú un kúrò."

A wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlúà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ń gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kí igi oṣè náà jẹ́ òmíràn, kí etí náà jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kò yẹ kí ìyàwó dé ilé ọkọ ṣáájú yìgì, nítorí náà n kò tíì rí ìyá àgbà náà rí. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń fi ọwọ́ ṣa irú nínú igbá. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó kí i.

"Ta nìyẹn?"

"Aláṣọ ni, Ìyá. Aláṣọ tí òjò dá dúró."

Igbá irú náà dojú dé. Ìyá àgbà náà dìde láìmú ọ̀pá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó wá ìyá mi kiri inú afẹ́fẹ́ títí ó fi rí i, ó sì gbé ọwọ́ lé e láyà. "Ọmú tó gba ọmọ mi là!" Ó ń pariwo, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Aláṣọ! Mo ti rán èèyàn wá ọ títí, kò sí ẹni tó mọ Aláṣọ wo! Ọmọ rẹ ti dàgbà o! Ó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù. Ó mà fẹ́ gbéyàwó! Jímọ́ mẹ́ta ló kù. Ìyá rẹ̀ ti lọ, ìwọ lo máa jókòó síbi tó yẹ kí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Ọlọ́run ló rán ọ wá!"

N kò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù bí ayọ̀ yẹn rí.

"Ọmọ Ìṣẹ́yìn ló ń fẹ́," ni ìyá àgbà ń wí. "Ará ìlú rẹ ni wọ́n. Bóyá o tilẹ̀ mọ̀ wọ́n."

"Mo mọ̀ wọ́n, Ìyá," ni ìyá mi dáhùn. "Ọmọbìnrin náà ló dúró tì mí yìí. Èmi ni mo bí i."

Ó pẹ́ kí ó tó yé e. Mo rí ìgbà tó yé e, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyà ìyá mi, ó sì mú un kúrò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ó jókòó sínú irú tó dà sílẹ̀. Kí a tó wọ ọkọ̀ padà, ó ti rán èèyàn lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Òtu.

N kò fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé, ọjọ́ náà kọjá lórí mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo kọjú sí ògiri. Ó ṣì wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè náà dòní, ní ojú ewé ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú ọkùnrin náà dé. Alùpùpù ló gùn láti Òtu, eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú. Mo ti gbé ìwé atúmọ̀-èdè náà sórí ẹní nínú ilé, nítorí bí ìfẹ́sọ́nà bá ti bàjẹ́, a máa ń dá ẹrù padà ni. Kò kí mi. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú, ó sì ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jà.

"Ọjọ́ márùn-ún, Ìyá! Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta! Kí ni mo mọ̀ nígbà yẹn?"

"Ebi lo mọ̀," ni ìyá mi wí.

"Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ ò bá ti dákẹ́."

"Ọmọ tó jókòó yìí náà bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. A wo ara wa pẹ́, níṣojú ìyá mi, èyí tí a kò ṣe rí. Mo rí ihò kékeré náà níwájú etí rẹ̀, eruku ti dí i.

"Bí mo bá dákẹ́," ni ìyá mi wí, "n ó máa wò yín lójoojúmọ́. Ẹ̀yin kò ní mọ̀. Èmi á mọ̀. Ọmọ mi ni ọ́. Mo ti fi ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ."

Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, eruku náà di ẹrẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àga. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá mi, ó sì pẹ́ nílẹ̀ ju bí àna ṣe ń pẹ́ lọ. Nígbà tó dìde, ó rọra ti ìwé náà sí apá ọ̀dọ̀ mi, ó jókòó sórí ẹní ní àyè tí ìwé náà ti kúrò, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ọmọ ilé.

Ó ní, "Àbúrò, òùngbẹ ń gbẹ mí. Bu omi wá."